Ìpàdé Àlàáfíà Òwu àti Ìjẹ̀bú ní Salford Quays

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ o!" Oyèmọ́lá tún un wí bí tram ṣe ń fi àárín ìlú Manchester sílẹ̀. "A ò kúnlẹ̀, a ò dọ̀bálẹ̀, a ò tẹríba. Tá a bá wọlé, ká ní 'Ẹ káàárọ̀ sà', ká wá àga, ká jókòó. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ nínú yín lónìí ti ta Ìjẹ̀bú."

"A ti gbọ́, bọ̀ọ̀dá mi," ni Ọlábísí, àbúrò rẹ̀ obìnrin, dáhùn. "Ẹ rọra, àwọn èèyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n máa wò! Ṣé wọ́n ti rí àwọn tó ń lọ parí ogun rí ni?"

Morẹ́nikẹ́, ọmọ Ọlábísí, jókòó síwájú wọn, ó gbá báàgì kọ̀ǹpútà mọ́ àyà. Inú rẹ̀ ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà á, kò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Bí ìpàdé òní bá yọrí sí rere, á fẹ́ Bólúwadúró. Bí ó bá fọ́, ó parí nìyẹn, kí oníkálukú máa lọ ilé rẹ̀.

Ẹ má wulẹ̀ bi mí pé ogun wo. Ogun Òwu ni mo ń wí, èyí tí àwọn baba ńlá wa jà ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Ìjà ọjà Àpòmù ló ti bẹ̀rẹ̀, ó di pé Ìjẹ̀bú àti Ifẹ̀ dó ti ìlú Òwu títí ebi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n tán níbẹ̀, ìlú fọ́, àwọn tó kù sá kiri títí ọ̀pọ̀ wọn fi balẹ̀ sí Abẹ́òkúta. Ẹ ó ní kí ló wá kan Manchester ńbẹ̀. Ẹni tó bá mọ Bàbá Adéyẹmí ti Eccles kò ní bi bẹ́ẹ̀.

Bàbá Adéyẹmí ló bí bàbá Bólúwadúró. Dókítà ni, ọmọ Òwu pọ́ńbélé láti Abẹ́òkúta. Kò pẹ́ tí Nàìjíríà gbòmìnira ló ti wọ ìlú òyìnbó yìí, ó sì tọ́jú àwọn ará Eccles títí ewú fi bò ó lórí. Jàǹbá ọkọ̀ kan ṣoṣo ló gba bàbá àti ìyá Bólúwadúró lọ nígbà tí ọmọ náà ò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Bàbá Adéyẹmí ló wẹ̀ ẹ́, òun ló bọ́ ọ, òun ló ń dúró lẹ́nu géètì ilé ìwé nínú òjò. Ìdí nìyẹn tí Bólúwadúró fi wí fún Morẹ́nikẹ́ pé, "Mo fẹ́ràn ẹ, ìwọ náà mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbéyàwó tí bàbá mi ò gbàdúrà sí."

Lọ́jọ́ tó sọ fún bàbá pé ọmọ Ìjẹ̀bú Òde ni òun fẹ́ fẹ́, gààrí ni bàbá ń mu lọ́wọ́. Ó gbé abọ́ kalẹ̀.

"Ọmọ náà dáa," ni bàbá wí. "Mo ti rí i, ó mọ èèyàn kí. Ṣùgbọ́n tá a bá lọ tọrọ ọmọ, àwa ará ilé ọkọ la ó dọ̀bálẹ̀. Kí Òwu wá dọ̀bálẹ̀ fún Ìjẹ̀bú, nígbà tí ogun ò tíì parí! Ta ló fọwọ́ sí àlàáfíà? Ìgbà wo? Fi ìwé ẹ̀ hàn mí."

"Bàbá, gààrí Ìjẹ̀bú lẹ̀ ń mu yẹn o."

"Gààrí kì í jagun," bàbá dáhùn, ó sì gbé abọ́ rẹ̀ padà.

Ọmọbìnrin mìíràn ì bá ti máa sunkún. Morẹ́nikẹ́ kọ́! Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ètò tẹlifíṣọ̀n ní Salford Quays ló ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ò sì ju pé kó kó àwọn ọ̀gá tí wọn ò lè fojú kan ara wọn jókòó sínú yàrá kan ṣoṣo títí wọ́n á fi gbọ́ ara wọn yé. Nígbà tí Bólúwadúró ròyìn ọ̀rọ̀ bàbá fún un tán, ojú rẹ̀ tàn.

"Ṣé ohun tí bàbá sọ ni pé ogun ò tíì parí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kò burú. Ẹ jẹ́ ká lọ parí ẹ̀."

Ó gba yàrá ìpàdé ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ Sátidé. Bàbá á wọ tram láti Eccles, àwọn Morẹ́nikẹ́ á wá láti Blackley, kò sẹ́ni tó máa wọ ilé ẹnì kejì. Ẹni tó máa jókòó sáàárín ló wá di wàhálà. Wọ́n dárúkọ pásítọ̀, bàbá ní ọmọ Ifẹ̀ ni pásítọ̀, ṣé ẹni tó bá wọn dó ti Òwu ló fẹ́ wá dájọ́? Wọ́n dárúkọ alàgbà kan tó jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́, bàbá ní àwọn Ọ̀yọ́ tí ogun lé kúrò nílé ló wá bá wọn parí iṣẹ́. Bólúwadúró wá dábàá Andrew, aládùúgbò wọn, òyìnbó jẹ́jẹ́ kan. Ni bàbá bá fọwọ́ lu tábìlì: "Òyìnbó kẹ̀? Ta ló ta ìbọn fún Ìjẹ̀bú?" Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín ni wọ́n rí Màmá Abísọ́lá, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Adó Èkìtì. Bàbá ronú títí, kò rí Èkìtì kankan nínú ogun náà. Ó gbà.

Bẹ́ẹ̀ ni tram ṣe gbé àwọn Ìjẹ̀bú mẹ́ta dé Salford Quays láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òjò ń sẹ́. Oyèmọ́lá tún táì pupa tó so mọ́rùn ṣe. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì ni, ó láyà, ohùn rẹ̀ sì ga, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń gun òkè nínú lífíìtì, Morẹ́nikẹ́ rí i pé òógùn ń yọ níwájú orí rẹ̀.

"Ẹ rántí o," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Orúnkún líle!"

Òun ló kọ́kọ́ wọlé. Àyà rẹ̀ yọ síta, orí rẹ̀ dúró ṣánṣán. Bàbá Adéyẹmí dúró létí fèrèsé, ó kẹ́yìn sí wọn, ó ń wo omi. Bólúwadúró wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màmá Abísọ́lá ti jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú awò lójú. Bàbá wá yí padà. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, irun rẹ̀ funfun báláú, ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀.

Oyèmọ́lá la ẹnu láti sọ pé "Ẹ káàárọ̀ sà". Gbì! Ó ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àyà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ kápẹ́ẹ̀tì, táì pupa ká sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, orúnkún Ọlábísí méjèèjì ti kan ilẹ̀, ti Morẹ́nikẹ́ náà ti kàn án.

"Ẹ káàárọ̀ sà, bàbá! Ṣé dáadáa lẹ jí? Ara yín le bí?"

"Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi," bàbá dáhùn wọ́ọ́rọ́wọ́. "Ẹ ó gbó, ẹ ó tọ́. Ẹ dìde, ẹ dìde."

Ìgbà yẹn ni gbogbo wọ́n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ sọ òótọ́: ta ni ìyá rẹ̀ kọ́ tó máa rí arúgbó olórí funfun láàárọ̀ kùtù tí ara rẹ̀ á dúró gbọn-in? Ẹnu lè ṣèlérí, ara ti mọ ibi tó ń lọ.

Ojú bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í dán. "Bólúwadúró! Ṣé o rí i? Ìjẹ̀bú ti dọ̀bálẹ̀!"

"Irọ́ o!" Oyèmọ́lá fò dìde. "Ìkíni ni! Ewú orí yín ni mo kí, n ò kí Òwu!"

"Orí ta ni ewú wà? Orí Òwu ni!"

"Ẹ̀yin náà ẹ ṣàdúrà fún wa! Ṣé ọ̀tá lèèyàn ń ṣàdúrà fún pé kó gbó, kó tọ́?"

Ọlábísí fi ìborùn bo ẹnu, ẹ̀rín ti fẹ́ pa á. Màmá Abísọ́lá fọwọ́ gbá tábìlì. "Ó tó! Ìkíni ò wọ ìwé. Ẹ jókòó, ẹ̀yin àgbààgbà yìí."

"Ẹ má kọ ọ́ o," bàbá wí bó ṣe ń jókòó, "ojú mi ṣáà ti rí i."

Morẹ́nikẹ́ ṣí kọ̀ǹpútà. Inú rẹ̀ dùn, nítorí ó ti rí ohun kan: wọ́n ń jà, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbádùn rẹ̀.

Ẹni tó dá ogun sílẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Oyèmọ́lá ní Òwu ló kọ́kọ́ lọ run àwọn ìlú onílùú. Bàbá ní, "Kí ló dé tí a fi lọ? Wọ́n ń jí ọmọ ọlọ́mọ gbé tà lọ́jà Àpòmù! Wọ́n ní ká dá sí i, a dá sí i. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà níbẹ̀?" Oyèmọ́lá fẹ́ fèsì, ó wo Morẹ́nikẹ́, ó wo Bólúwadúró, ó sì gbé èsì náà mì.

"Ẹni tó ń jí ọmọ gbé ló jẹ̀bi," ó wí níkẹyìn. "Ì báà ṣe Òwu, ì báà ṣe Ìjẹ̀bú, ì báà ṣe Ifẹ̀."

"Kọ ọ́," ni bàbá wí kíá. "Ọmọ, ṣé o ti kọ ọ́? Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn."

Ó ti kọ ọ́! Ọ̀rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbirigbiri. Wọ́n gbà pé ẹnikẹ́ni ò ní kọ orin ogun níbi ìgbéyàwó. Wọ́n gbà pé Ìjẹ̀bú ò ní fi ìbọn yangàn, Òwu náà ò sì ní fi idà yangàn. Oyèmọ́lá ní kí Òwu yé pe Ìjẹ̀bú ní ahun, bàbá ní èyíinì ò sí nínú ọ̀rọ̀ ogun, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Màmá Abísọ́lá fi bọ́ awò láti nu ojú. Bólúwadúró wo Morẹ́nikẹ́ láti òdìkejì tábìlì, ó ṣẹ́jú sí i. Ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀!

Ìgbà tí wọ́n wá kan ìdọ̀bálẹ̀ ni nǹkan dojú rú.

"Ìyẹn ò lè ṣeé ṣe," bàbá wí. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Ẹ yọ ọ́ kúrò. Ká kan jókòó, ká gbàdúrà, kí àwọn ọmọ ṣe ìgbéyàwó wọn."

"Ká yọ kí ni?" Oyèmọ́lá ta gìrì. "Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín o. Ṣùgbọ́n ọkọ tí àwọn èèyàn rẹ̀ ò dọ̀bálẹ̀ tọrọ ìyàwó, kò tíì fẹ́yàwó. Ṣé lójú pópó la rí ọmọ wa he ni?"

"A ti parí ogun, bàbá," ni Ọlábísí fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀ ẹ́. "Kì í ṣe ìtúúbá mọ́. Àṣà lásán ni."

"Mo ní mi ò ṣe."

"Kí ló dé?"

"Mo ní mi ò ṣe!" Bàbá fi ọ̀pá gún ilẹ̀, ó dìde. "Bólúwadúró, bá mi mú kóòtù mi. Ẹ ṣeun o. Ẹ kú àkókò."

Bólúwadúró mú kóòtù. Kí ló tún máa ṣe? Ó wo Morẹ́nikẹ́, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó mi orí bí ẹni tó ń ní kó má bínú. Morẹ́nikẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ó ti lọ. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ju gbogbo ayé lọ ti ń wọ kóòtù fún bàbá rẹ̀, ó fẹ́ bá ẹnu ọ̀nà jáde, kò sì ní padà.

Ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà, ìyẹn ni wọ́n kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́, tí àwọn ọ̀gá bá ti ń bínú jáde, ó ní ohun kan tó máa ń ṣe: ohun tí kò tó nǹkan ló máa ń bi wọ́n. Àga wo ni kí wọ́n gbé? Ta ni yóò jókòó síbo? Ó kúnlẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àwọn tó ni gbọ̀ngàn ìgbéyàwó ń bi mí ni, mi ò sì mọ ohun tí màá sọ fún wọn. Ẹni mélòó ló máa bá yín wá, kí wọ́n lè to àga sílẹ̀ fún yín?"

Bàbá dúró. Apá kóòtù kan wà lára rẹ̀, ìkejì ń fì.

"Àwọn àbúrò mi ti kú tán ní Abẹ́òkúta," ó wí. Ohùn rẹ̀ ò le mọ́. "Ọmọ mi kan ṣoṣo ti lọ, ìyàwó mi ti lọ. Èmi àti ọmọkùnrin yìí ló kù. Àwa méjì."

Ó yọ apá rẹ̀ kúrò nínú kóòtù, ó fi í lé Bólúwadúró lọ́wọ́.

"Mo wá sí ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ́jọ́ ìkórè," bàbá ń bá a lọ. "Ẹ kún bẹ́ǹṣì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bọ̀ọ̀dá, àǹtí, ọmọ, ọmọ ọmọ. Kí n wá wọlé síwájú gbogbo yín, arúgbó kan àti ọmọ kan, kí a na ara wa sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ máa wò wá. Bí àwọn tí ogun ṣẹ́ kù ní Òwu lọ́jọ́ yẹn gan-an. Èèyàn laṣọ, ọmọ mi. Ṣé ìhòòhò ni kí n wá bá yín?"

Ojú ti Ọlábísí débi pé kò lè gbé orí sókè. Láti oṣù mélòó kan ni wọ́n ti ń pe bàbá ní olórí kunkun nílé wọn ní Blackley, tí wọ́n ń sín ohùn rẹ̀ jẹ. Bólúwadúró bú sẹ́kún, nítorí òun pàápàá, ẹni tó ń bá bàbá gbélé, kò mọ̀ pé ohun tó ń jẹ bàbá nínú nìyẹn.

Oyèmọ́lá ni ò lè jókòó. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ó mí kanlẹ̀. Ó wá gbá àga rẹ̀ mú, ó gbé e yí tábìlì po, ó gbé e kalẹ̀ fìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá, ó jókòó sórí rẹ̀, ó sì kọjú sí àbúrò rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará ilé ìyàwó," ó pariwo, "a kí yín o!"

Ọlábísí wò ó. "Bọ̀ọ̀dá mi, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Bọ̀ọ̀dá ta ni? Mi ò mọ̀ yín rí, màmá. Ọmọ Òwu ni mí, Eccles la ti ń bọ̀. A rí òdòdó kan tó rẹwà nínú ọgbà yín, ó wù wá, a fẹ́ já a. A bẹ̀ yín, ẹ fún wa."

Ó sì na ara rẹ̀ gbalaja sílẹ̀ níwájú Ọlábísí. Ẹ̀gbọ́n o! Ẹni tó pọ̀n ọ́n dàgbà, tó ń fà á lọ́wọ́ lọ sílé ìwé ní Ìjẹ̀bú Òde, tí Ọlábísí ò pe orúkọ rẹ̀ lásán rí láti ìgbà tó ti ń sọ̀rọ̀. Ọlábísí kígbe, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí. "Yéè! Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́! Ṣé ẹ fẹ́ kí ayé bú mi ni?"

"A ò dìde. Ṣé ẹ ti fún wa lọ́mọ?"

Bólúwadúró ju kóòtù sílẹ̀, ó na ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Oyèmọ́lá. Morẹ́nikẹ́ ò mọ ìgbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀, tí ẹ̀rín sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Àwọn ọmọ mi ọkùnrin ń bọ̀ lọ́jọ́ náà," Oyèmọ́lá ń sọ láti ilẹ̀. "Òwu ni gbogbo wọn. Àwọn dírẹ́bà ẹgbẹ́ mi ńkọ́? Òwu ni wọ́n. Màá sọ fún wọn lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

"Èkìtì náà ń bọ̀," ni Màmá Abísọ́lá wí, ó ń fọn imú.

"Ta ló wá kù sí ọ̀dọ̀ tèmi?" Ọlábísí bèèrè pẹ̀lú omijé.

"Ẹ̀yin lẹ ni ọmọ, ó tó yín!"

Bàbá Adéyẹmí ti gbé ọ̀pá ti ògiri. Ó di etí tábìlì mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tẹ orúnkún rẹ̀ láti bá wọn lọ sílẹ̀. Ọlábísí sáré yí tábìlì po, ó gbá a mú lápá méjèèjì.

"Ẹ̀yin kọ́, bàbá! Ẹ̀yin kọ́. Àwọn ọmọ yín ti bá yín ṣe é."

"Àwọn ọmọ mi," ni bàbá wí.

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ẹ̀yìn Oyèmọ́lá, ọmọ Ìjẹ̀bú Òde. "Ọmọ Olówu," ó fi oríkì Òwu kì í. "Ọmọ Asunkúngbadé." Oyèmọ́lá jẹ́ "Bàbá!" láti inú kápẹ́ẹ̀tì, kò sì dìde títí Ọlábísí fi sọ ọ́ jáde lẹ́nu ara rẹ̀ pé àwọn ti fún wọn lọ́mọ.

Bàbá nu ojú rẹ̀ gbẹ. Ó yíjú sí Morẹ́nikẹ́ tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Ìyàwó wa," ó wí, "sọ fún àwọn tó ni gbọ̀ngàn kí wọ́n wá àga púpọ̀ sí i. A pọ̀."